Lánlọ́ọ̀dù Ọjọ́ Sátidé

Agbádá ni Ọmọ́tọ́lá kọ́kọ́ rí. Agbádá aláwọ̀ ewé tó fẹ̀ ju ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ, fìlà tó wọ́ bo etí kan, pákò lẹ́nu, ọkùnrin náà sì ń nàka sí ọmọbìnrin kan tó dúró níwájú rẹ̀.

"Ta ni bàbá rẹ?" ó jágbe mọ́ ọn. "Èmi kì í gba ẹni tí mi ò mọ ilé tó ti wá."

"Mi ò mọ bàbá mi, sà." Ohùn ọmọ náà ń gbọ̀n díẹ̀. "Ilé àwọn ọmọ òrukàn ni wọ́n ti tọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo níṣẹ́ lọ́wọ́, mo sì máa tọ́jú ilé yín."

Ọmọ́tọ́lá ò dúró gbọ́ èyí tó kù. Tíṣà ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wá sí Aramoko ni, aṣọ tí ìjọ wọn kó jọ fún ilé àwọn ọmọ òrukàn náà ló gbé wá láàárọ̀ Sátidé yẹn. Ó ju ẹrù sílẹ̀, ó bọ́ sáàárín àwọn méjèèjì.

"Alàgbà, ojú ò tì yín? Ọmọ tí kò ní bàbá lẹ ń béèrè bàbá lọ́wọ́ rẹ̀?"

Àwọn ọ̀dọ́ tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi máńgòrò bú sẹ́rìn-ín. Alàgbà yọ pákò lẹ́nu, ó ṣí fìlà. Àṣé ẹni tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ló wà lábẹ́ gbogbo ẹrù yẹn, ojú rẹ̀ sì dùn ún wò, ẹ jẹ́ kí n má parọ́.

"Ẹ má bínú, àǹtí. Mi ò nílé kankan. Káfíńtà ni mí. Ẹ̀kọ́ là ń kọ́ níbí."

Déolú ni orúkọ rẹ̀. Inú ilé yẹn lòun náà dàgbà sí. Ẹni tó bá ti pé ọdún méjìdínlógún níbẹ̀ ní láti lọ dá dúró, lọ́jọ́ tí tirẹ̀ sì pé, báàgì kan ló gbé jáde. Lánlọ́ọ̀dù mẹ́ta ló sọ òótọ́ fún, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹnì kẹrin ló gbà á. Láti ìgbà tó ti rí ẹsẹ̀ walẹ̀ ló ti ń wá ní gbogbo Sátidé, kó máa kọ́ Favour, ọmọbìnrin tó dúró níwájú rẹ̀ yẹn, àti àwọn tó kù bí wọ́n ṣe ń wá yàrá, bí wọ́n ṣe ń bá ọ̀gá sọ̀rọ̀, bí èèyàn ṣe ń ṣàìsàn láìsí ẹni tó máa gbé omi gbígbóná wá.

"Ta ló ń kọ́ wọn ní oúnjẹ sísè?" Ọmọ́tọ́lá béèrè, nígbà tí ìtìjú rẹ̀ rọlẹ̀.

"Èmi náà ni."

"Kí lẹ ń kọ́ wọn?"

"Ìndómì."

"Ọmọ Èkìtì," ni Ọmọ́tọ́lá wí, ó mirí. "Ẹ máa retí mi ní Sátidé tó ń bọ̀."

Ó wá lóòótọ́, kò sì dáwọ́ wíwá dúró. Ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń mọ iṣu tó ti bàjẹ́ nínú láìgé e, àti bí ọbẹ̀ ọjọ́ kan ṣe lè di ti ọjọ́ mẹ́ta. Ní Sátidé kẹrin, Déolú gbé àpótí ìjókòó tuntun kan wá.

"Tìrẹ ni. Ẹsẹ̀ rẹ kì í kanlẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì wa."

"O ń sọ pé mo kúrú?"

"Bẹ́ǹṣì ló ga jù, olólùfẹ́ mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Ọmọ́tọ́lá jókòó sórí àpótí náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀ wẹ́kú, ayọ̀ sì gba ọkàn rẹ̀ débi pé ó gbàgbé iyọ̀ nínú ọbẹ̀.

Ìjerò ni bàbá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Adébọ̀wálé, ń gbé. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni. Nígbà tó gbọ́ pé Déolú fẹ́ fẹ́ ọmọ òun, ohun kan ṣoṣo ló sọ: "Kó kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá kí n rí wọn."

"Sọ òótọ́ fún un," Ọmọ́tọ́lá bẹ Déolú. "Ẹnu rẹ ni mo fẹ́ kó ti gbọ́ ọ."

"Mo ti gbọ́."

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á. Ta ló máa bá a dọ̀bálẹ̀ lójú àna? Ilẹ̀kùn mẹ́ta tí wọ́n tì mọ́ ọn nígbà náà tún ń dún gbàmù létí rẹ̀. Ó bá lọ bẹ bàbá kan tó ń ta pákó fún un ní Ìpotì, pé kó wá jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá òun fún ọ̀sán kan péré.

"Ulé wo ni yín ní Ìpotì?" Ọ̀gbẹ́ni Adébọ̀wálé béèrè, nígbà tí àwọn méjèèjì dé ilé rẹ̀.

Bàbá onípákó wúkọ́, ó dárúkọ agbo ilé kan.

"Ta ni olórí ulé yín báyìí?"

Ó tún dárúkọ.

"Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe ọ̀gá ilé ìwé ní Ìpotì," ni bàbá wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Mo wà níbi ìsìnkú ẹni tí ẹ dárúkọ yìí. Mo jẹ iyán níbẹ̀."

Déolú dojú bolẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Bàbá ò pariwo. "Ká ní o wá ní ìwọ nìkan, ǹ bá fún ọ ní ìjókòó. Irọ́ ni mi ò lè fi ọmọ mi fún."

Ọmọ́tọ́lá sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. "Favour ń sọ òótọ́ lójú lánlọ́ọ̀dù. Ìwọ tó kọ́ ọ ò lè sọ ọ́." Ó wọlé, ó sì tilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn yẹn dun Déolú ju mẹ́ta ti àtijọ́ lọ.

Sátidé méjì ni àpótí ìjókòó fi wà lásán. Ní ẹ̀kẹta, Favour, ọmọbìnrin ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, tó ti ń dá gbé yàrá tirẹ̀ ní Ìjerò níbi tó ti ń ránṣọ, wọlé wá. Ó gbé agbádá kúrò lórí ìṣó, ó wọ̀ ọ́.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ dúró síwájú mi. Ta ni bàbá rẹ?"

Omi bọ́ lójú Déolú. "Mi ò mọ bàbá mi."

"Ẹ tún un sọ. Ohùn yín ń gbọ̀n."

Ó tún un sọ nígbà mẹ́fà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, bọ́ọ̀sì méjì dúró níwájú ilé Ọ̀gbẹ́ni Adébọ̀wálé. Déolú kan ilẹ̀kùn.

"Déolú ni mí, sà. Mi ò mọ bàbá mi, mi ò sì mọ ìyá mi. Ilé àwọn ọmọ òrukàn ni wọ́n ti tọ́ mi. Mo parọ́ fún yín, ẹ foríjì mí. Ọmọ yín ni mo wá tọrọ."

Ó dọ̀bálẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, Màmá Ayọ̀bọ́lá, olùtọ́jú ilé wọn, kúnlẹ̀. Lẹ́yìn màmá, ọ̀dọ́ méjìlélógún, ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, obìnrin kúnlẹ̀, títí dé etí títì.

"Ta lẹ̀yin jẹ́ sí i?" Bàbá béèrè.

"Àbúrò rẹ̀ ni wá, sà," Tóbi dáhùn láti ilẹ̀. Fọganáísà ni, kò sì tíì pé ọdún kan tó jáde nílé náà. "Òun ló bá mi wá yàrá. Nígbà tí ibà dá mi gúnlẹ̀, òun ló gbé mi lọ sọ́sípítù."

Bàbá wò wọ́n láti iwájú dé etí títì. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.

"Ohun tí ẹbí ń ṣe náà nìyẹn," ó wí. "Ẹ dìde. Ọmọ́tọ́lá, bọ́ síta, wọ́n ń béèrè rẹ."

Ọmọ́tọ́lá ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn látìgbà yẹn. Ó jáde, ó gba agbádá tí Favour gbé dání wá lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sọ́rùn. Ó wọ́ nílẹ̀ yí i ká, ṣùgbọ́n ó gbọ́wọ́ lé ìbàdí bí onílé.

"Ta ni bàbá rẹ?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n." Ohùn Déolú ò gbọ̀n rárá. "Ṣùgbọ́n mo níṣẹ́ lọ́wọ́, mo sì máa tọ́jú ilé yín."

"Ìgbà wo lo máa kó jáde?"

"Mi ò ní kó jáde mọ́."

Ọmọ́tọ́lá wo bàbá rẹ̀. Bàbá mi orí. Ó wá bọ́ agbádá náà, ó fi bo Déolú léjìká níbi tó dúró sí.

"Ó dáa, wọlé," ó wí, omijé àti ẹ̀rín pọ̀ lójú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n a kì í se Ìndómì nílé yìí."