Òwú Kọ̀ Lẹ́nu Àpò

Awọ náà ń làágùn. Ìyá Oníbáàgì fi aṣọ nù ún gbẹ, ó gbé e sórí maṣíìnì, omi wẹ́wẹ́ tún yọ lára ẹ̀ bíi ti iwájú orí aláìsàn. Ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ awọ, kò rí irú ẹ̀ rí. Ó ní bóyá ooru ọ̀sán ni.

Àpò pẹlẹbẹ kan ni. Ọkùnrin tó gbé e wá níwà pẹ̀lẹ́, ohùn ẹ̀ ò sì ju kí èèyàn ṣáà gbọ́ ọ lọ. "Ìyá Oníbáàgì, ẹ bá mi rán ẹnu ẹ̀ pa," ló wí. "Kí rírán ẹ̀ súnmọ́ra dáadáa. Mi ò fẹ́ kó là mọ́ láé." Ó wá lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta, ó kẹ̀yìn sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń dúró.

Ká ní ọkàn obìnrin yìí balẹ̀ ni, ì bá bi í pé kí lèèyàn fẹ́ fi àpò tí kò lẹ́nu ṣe. Ṣùgbọ́n ọkàn ẹ̀ wà nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí ọkọ ẹ̀ dùbúlẹ̀ sí. Ọkọ ẹ̀ yìí ló ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bá a nílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ojú ẹ̀ là sílẹ̀, ẹnu ẹ̀ ò sì sọ nǹkan kan láti ìgbà yẹn. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò títí, kò rí àìsàn kankan. Ìyàwó ẹ̀ ti sunkún títí omijé ti tán lójú ẹ̀. Ohun tó ń bẹ Ọlọ́run fún ò ju orúkọ kan ṣoṣo lọ: kí ọkọ òun ṣáà sọ ẹni tó ṣe é báyìí, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n máa gbé e gbà.

Ó fẹsẹ̀ tẹ maṣíìnì. Òwú já.

"Ìwọ alágídí yìí, o tún ti bẹ̀rẹ̀," ló sọ fún maṣíìnì náà, torí bí wọ́n ṣe máa ń bára wọn sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ó yọ abẹ́rẹ́, ó fi èyí tí ẹnu ẹ̀ rí bíi ti ọ̀bẹ rọ́pò, irú èyí tó ń gé awọ wọlé. Òwú tún já. Ó dẹ bọ́ọ̀tì tó ń fún òwú mọ́. Òwú ò já mọ́, ṣùgbọ́n ó ń fo, ó sì ń wú jọ lábẹ́ awọ. Ó tú bọ́bìnì tó ń gbé òwú ìsàlẹ̀, ó gbọn ìdọ̀tí inú ẹ̀ dànù, ó tún òwú ẹ̀ wé, ó fi àbẹ́là pa òwú òkè kó lè máa yọ̀. Ó ń rán bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó dé àárín, òwú já pàù.

"Màámi!" Àkọ́bí ẹ̀ obìnrin ló ké láti inú yàrá. "Màámi, ẹ wá o! Bàbá ti la ẹnu!"

Ó sáré wọlé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà. Lóòótọ́, ètè ọkọ ẹ̀ ń mì. Ó ń wá ọ̀rọ̀ kan, ó ń wá a tipátipá, ó sì tẹjú mọ́ ìyàwó ẹ̀ bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Ayọ̀ gbá obìnrin náà láyà.

"Ìyá Oníbáàgì," ohùn jẹ́jẹ́ kan wí láti ìta. "Iṣẹ́ mi ńkọ́?"

Ẹni tí kì í já oníbàárà kulẹ̀ ni. Ó rò ó pé kóun yára parí ẹ̀, kóun lè wá jókòó ti ọkọ òun láìsí ìyọnu. Ó padà sídìí maṣíìnì. Ojú abẹ́rẹ́ ló kéré ju òwú lọ, ó rí i kedere báyìí, ó sì ṣe é ní kàyéfì pé òun ò tètè wo ibẹ̀. Ó ki abẹ́rẹ́ tójú ẹ̀ fẹ̀ bọ̀ ọ́, ó sì fa òwú ọ̀rá tó nípọn jù nínú ṣọ́ọ̀bù. Maṣíìnì gbà. Ó sáré láti etí dé etí láìdúró, rírán náà gún régé, ó sì súnmọ́ra bó ṣe yẹ. Inú ẹ̀ dùn díẹ̀. Ó gé òwú.

Ọmọ ẹ̀ figbe ta. "Bàbá ò lè yanu mọ́! Màámi, ẹnu wọn ti lẹ̀ pọ̀!"

Ìgbà yẹn lòógùn bo òun náà. Ọkùnrin yẹn ò dárúkọ àpò rárá. Ẹnu ẹ̀ ló wí. Òun fúnra ẹ̀ ló rò pé ẹnu àpò ni.

Ó ki abẹ bọ òwú náà, ó ń tú u, ó ń fi eyín fà á, ó kánjú débi pé ó gé ara ẹ̀ níka. Oníbàárà ti dìde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sì dá a dúró.

"Ẹ tú u tán," ló wí. "Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ pé awọ kì í ṣe aṣọ." Ó yísẹ̀ padà, ó fi àpò sílẹ̀, ó ń lọ tìẹ.

Ta ló tún máa ṣàlàyé ìyẹn fún un? Béèyàn bá tú aṣọ, tó fọ̀ ọ́, tó lọ̀ ọ́, ihò tí abẹ́rẹ́ dá sí i á padé. Ti awọ ò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí abẹ́rẹ́ bá ti gún, ihò ẹ̀ wà níbẹ̀ títí ayé, bí àwọn ihò náà bá sì súnmọ́ra jù, ojú ibẹ̀ ni awọ ti máa ń fàya.

Ó wọ yàrá. Ẹnu ọkọ ẹ̀ ti là. Ihò wẹ́wẹ́ tò yí ètè ẹ̀ ká lókè nísàlẹ̀, wọ́n súnmọ́ra, wọ́n gún régé. Ọkọ náà rí i pé ó wọlé, ó mí kanlẹ̀, ó fẹ́ sọ ọ́. Ohùn ẹ̀ jáde gan-an, ìdajì orúkọ náà ti dé orí ahọ́n, ni awọ tó wà láàárín ihò àkọ́kọ́ àti èkejì bá já, ẹ̀jẹ̀ yọ, tìkẹta tẹ̀ lé e.

Ìyá Oníbáàgì bẹ́ mọ́ ọn, ó fi ọwọ́ méjèèjì bò ó lẹ́nu.

"Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́," ló ń wí, ó ń sunkún, "ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ má sọ̀rọ̀ mọ́."