Reine Kò Jẹ́ Ìpè

Gaston sùn, kò jí. Kò ṣàìsàn, ejò kò bù ú jẹ, dókítà tó yẹ òkú rẹ̀ wò kò rí nǹkan kan sọ. Oṣù méjì lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Reine, ọmọ ọdún mẹ́fà, tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sí oko àgbàdo lẹ́yìn abúlé Idigny, wọn kò sì rí i mọ́.

Ta ni abúlé máa di ẹ̀bi rù bí kò ṣe Sidonie, ìyá Gaston? Opó ni, ó ń dá gbé, ó sì ti pẹ́ láyé ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Lójú àwọn ará ibẹ̀, ẹ̀rí tó tó nìyẹn. Élodie, ìyá Reine, ló kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀ pé òwìwí ké lórí òrùlé ìyá ọkọ òun kí ọmọ tó sọnù. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Wọ́n so ọwọ́ ìyá àgbà, wọ́n tì í mọ́ yàrá, wọ́n ní bí oòrùn ọjọ́ kejì bá wọ̀ tí ọmọ kò yọjú, àwọn yóò sun ún mọ́lé.

Èṣùgbàyí ọdẹ ló darí wíwá náà, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ó rán àwọn tó ní alùpùpù gba ọ̀nà Kpankou, ó to ogójì èèyàn sí ìlà nínú oko, ó ní kí wọ́n so màrìwò mọ́ ibi tí wọ́n bá ti wò tán. Wọ́n pe Reine títí ohùn wọn fi há. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, òwìwí kan fò jáde nínú oòrùn gangan, gbogbo ìlà sì tú ká. Èṣùgbàyí pàápàá gbọ̀n, kò sì fi pa mọ́.

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tó wọlé tọ Sidonie, ó bi í pé níbo ni ọmọ wà.

"Báwo lẹ ṣe ń wá a?" ni ìyá àgbà béèrè.

"Orúkọ rẹ̀ la ń pè, Ìyá."

"Bí wọ́n bá pe ìwọ nínú igbó, tí o kò rí ẹni tó ń pè ọ́, ṣé wàá jẹ́?"

Ọdẹ náà mi orí pé rárá. Kò sí ọmọ kan ládùúgbò náà tí wọn kò kọ́ ní èèwọ̀ yẹn.

Sidonie ní kí wọ́n gbé igbá àgbàdo òun wá. Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo ló máa ń mì í láti fi kó adìẹ wọlé, Reine a sì máa pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta láti ẹ̀yìnkùlé láti fi dá a lóhùn. Wọ́n mú un lọ sóko, okùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, Élodie ń ṣépè fún un lójú ọ̀nà. Ó mi igbá. Nǹkan kan kò dún. Ó tún rìn síwájú, ó mì í, ó ń wo oòrùn tó ń lọ, ẹ̀rù sì bà á gidigidi.

Àtẹ́wọ́ mẹ́ta dún lábẹ́ ilẹ̀.

Àwọn ọkùnrin sá. Èṣùgbàyí nìkan ló dúró, ó ya koríko sọ́tọ̀, ó rí kòtò àtijọ́ kan. Màrìwò tí wọ́n fúnra wọn so wà létí rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé Reine jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ètè rẹ̀ ti gbẹ.

"Wọ́n pè mí títí, Màámá, mi ò jẹ́," ló wí, inú rẹ̀ sì dùn sí ara rẹ̀. Élodie bú sẹ́kún. Nígbà náà ni ọmọ náà rí okùn lọ́wọ́ ìyá àgbà. "Ta ló so yín lọ́wọ́?"

Àwọn tó sá ti padà dé, gbogbo wọn dúró sáàárín àgbàdo. Kò sí ẹni tó dá a lóhùn.