Ewé Tí Mo Ká Sí Ọ̀hún

"Nọ́ọ̀sì, ta ló kú nílé yín?"

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Sasidharan bá mi sọ láyé nìyẹn. Ọjọ́ Ẹtì ni, a ń ṣe Onam, ọdún ìkórè ilẹ̀ wa, nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ruwi, ní Muscat. Onam gan-an ti kọjá ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, ṣùgbọ́n àwa tí a wá ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Lárúbáwá, ọjọ́ tí ọ̀gá bá fún wa ní ìsinmi ni ọdún wa. Mo ti jẹun tán, mo ń kánjú lọ síbi iṣẹ́, ni mo bá ká ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo fi jẹun sí ọ̀hún, kúrò lọ́dọ̀ ara mi. Òun ló ń pín páyásàm kiri, oúnjẹ dídùn olómi àgbọn tí a fi ń parí oúnjẹ ọdún. Ó dúró lé mi lórí tòun ti korobá.

"Ta ló kú bí i báwo?" ni mo wí.

"Ẹ wo ewé yín. Oúnjẹ òkú nìkan la ti ń ká a báyẹn. Àbí ọbẹ̀ mi ló pa ẹnì kan?"

Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí. Mo yára tú ewé náà, mo ká a sọ́dọ̀ ara mi bí ẹni tó jẹun tó gbádùn ṣe ń ká a. Ó bu páyásàm kún ife mi, ó ní, "Ẹ má bínú. Mo kàn ń wá bí ẹ ó ṣe wojú mi ni."

Mo wojú rẹ̀. Èmi náà ni mo fi ọwọ́ ara mi fa wàhálà.

Ilé oúnjẹ kan lẹ́bàá ibùdókọ̀ ló ti ń dáná. Kò sí ọjọ́ tí mo bọ́ lẹ́nu iṣẹ́ tí n kì í bá nǹkan gbígbóná nínú ọ̀rá tó ti dì fún mi. Kò pẹ́ tí mo fi ń pè é ní Etta, bí a ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n àti ẹni tí a fẹ́ fi ṣe ọkọ. Òun ń pè mí ní ẹyin ojú òun. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bí aláìsàn bá ń bú mi, ẹ̀rín ni mo máa ń rín.

Bàbá mi ló kù. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n jẹ́ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ẹnu wọn ò sì tíì fẹ̀yìn tì.

"Kúùkù!" ni wọ́n pariwo lórí fóònù. "Usha, mo rán ẹ níwèé nọ́ọ̀sì kí kúùkù lè fẹ́ ẹ?"

"Bàbá, ẹ jẹ oúnjẹ rẹ̀ ná."

Wọ́n rojọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án. Nígbà tó yá, wọ́n wá kí mi ní Muscat, wọ́n ní, "Ó dáa. Màá jẹ oúnjẹ Onam rẹ̀. Tí mo bá jẹ ẹ́ tán, màá sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, mo ń lọ sílé, ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀."

Láti ìdájí ọjọ́ ọdún náà ni Etta ti wà nídìí iná lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Oúnjẹ ọ̀ọ́dúnrún èèyàn. Mo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú àwọn obìnrin, a ń to òdòdó sílẹ̀ ní róbótó. Ó pè mí, ó na fóònù rẹ̀ sí mi.

"Bá mi mú un, ẹyin ojú mi, òróró ti bo ọwọ́ mi. Bí ìyá mi bá pè, sọ fún wọn pé mo ń se oúnjẹ àna mi, kí wọ́n gbàdúrà sí ìkòkò."

Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni fóònù náà dún. Omana ni, àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ẹkún ni mo kọ́kọ́ gbọ́.

"Ìyá ti lọ o! Wọ́n jókòó, wọ́n ní kí n fún àwọn lómi, kí n tó dé wọ́n ti lọ. Níbo ni ẹ̀gbọ́n mi wà? Ọkọ̀ òfurufú kan ń gbéra lọ́dọ̀ yín láago mọ́kànlá ààbọ̀, kó wọ̀ ọ́. Ìyá ti ní kí a má gbé àwọn sínú yìnyín, kílẹ̀ tó ṣú la gbọ́dọ̀ sun wọ́n. A máa dúró dè é. Òun nìkan ni ọmọkùnrin, òun ló ni iná yẹn."

"Mo gbọ́," ni mo wí. "Mo ń lọ sọ fún un báyìí."

Mi ò lọ.

Ẹni tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ láàárín wa kì í fọwọ́ kan oúnjẹ ọdún, kì í ṣe ọdún títí ọdún náà fi máa yí po. Bí mo bá sọ ọ́, ó máa ju ìgbákọ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo ní fún ara mi pé ọ̀ọ́dúnrún èèyàn ni ebi máa pa. Irọ́ ni! Ta ni mo mọ̀ nínú wọn? Bàbá mi ni mo rò. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí, ọjọ́ Àìkú ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ara mi nìkan ni mo rò.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dé ìdí iná. Lẹ́ẹ̀kejì, ó bu páyásàm díẹ̀ sí mi látẹ́lẹwọ́.

"Ṣé ó dùn tó?"

"Ó dùn."

Ó ń kọrin sórí ìkòkò. Mo padà sídìí òdòdó, mo ń wo aago ara ògiri títí ó fi lu mọ́kànlá ààbọ̀ kọjá.

Bàbá mi jẹun bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Wọ́n gba ìrẹsì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n ká ewé wọn sọ́dọ̀ ara wọn, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n pe Etta.

"Ọmọ mi, o mọ iṣẹ́ rẹ. Ẹ lọ mú ọjọ́ wá."

"Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹnu yín tó le yìí ló jẹ́ kí n fi iyọ̀ sí i dáadáa," ni Etta wí, bàbá mi sì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. Ohun tí mo fi ọdún kan gbàdúrà fún ló ṣẹ lójú mi yẹn, páyásàm sì dà bí iyẹ̀pẹ̀ lẹ́nu mi.

Ìgbà tí gbọ̀ngàn ṣófo ni mo lọ bá a. "Etta, Omana pè. Ìyá ti lọ."

Ó dìde. "Nígbà wo?"

"Báyìí báyìí ni wọ́n pè."

Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi láti pe Omana padà, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí àkókò tó wà níbẹ̀.

"Aago mẹ́jọ ààbọ̀, Usha."

Mo kúnlẹ̀. Mi ò mọ ohun tí mo ń sọ.

"Mo ń kọrin," ló wí. "Mo ń bá bàbá rẹ ṣẹ̀fẹ̀. Ìyá mi wà nílẹ̀, wọ́n ń wo ọ̀nà mi, mo ń kọrin." Ká ní ó gbá mi létí ni, ó sàn fún mi. Ó kàn tú aṣọ ìdáná rẹ̀, ó ká a, ó gbé e lé orí àga, ó sì jáde lọ.

Ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ ló tan iná náà nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú. Etta wọ ọkọ̀ òfurufú ọjọ́ kejì. Kò gbé ìpè mi mọ́.

Ọjọ́ Àìkú ni mo jẹ́wọ́ fún bàbá mi. "O fún mi ní oúnjẹ lọ́wọ́ ẹni tí ìyá rẹ̀ wà nílẹ̀," ni wọ́n wí. "Mo sì gba ìwọ̀n ìrẹsì mẹ́ta." Wọ́n dìde lọ wẹ̀, kí èérí òkú náà lè kúrò lára wọn. Nígbà tí wọ́n padà, wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún kúùkù yẹn, mi ò kó o jẹ. Ìwọ ni ojú ẹ ń tì mí. Gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. A jọ ń lọ tọrọ àforíjì ni."

Ọjọ́ kẹrìndínlógún òkú la dé abúlé Etta, ọjọ́ tí wọ́n ń pín oúnjẹ òkú. Omana ló pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàbọ̀, nọ́ọ̀sì tó ní òun ń lọ sọ ọ́," ló wí. "Ibi tí ẹ ń lọ náà jìnnà o."

Bàbá mi, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé. Èmi ò lè gbójú sókè. Wọ́n fún wa láyè níkẹyìn ìlà. Etta ló ń pín ìrẹsì, ó ti fá orí, ó ti rù. Ó bu tèmi bó ṣe bu ti gbogbo èèyàn. Mo jẹ gbogbo rẹ̀. Mo wá mú ewé mi, mo ká a sí ọ̀hún.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró níwájú mi.

"Lónìí, o mọ̀ ọ́n ká," ló wí.

Mo bú sẹ́kún. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí ẹní. "Inú ń bí mi sí ẹ gan-an, Usha. Tí mo bá jí láàárọ̀, inú máa ń bí mi, lẹ́yìn náà màá máa wá ẹ. Jẹ́ kí n ṣọ̀fọ̀ ìyá mi tán. Lẹ́yìn ọdún kan, bí inú bá ṣì ń bí mi, màá sọ fún ẹ."

Nígbà tí ọdún náà pé, ó ní inú ṣì ń bí òun díẹ̀, ṣùgbọ́n kí n wá. A ṣe ìgbéyàwó nílé òrìṣà kékeré kan, èèyàn ogún, bàbá mi ń sunkún ju ìyàwó lọ.

A ti ṣe Onam mẹ́ta láti ìgbà náà. Òun ló ṣì ń dáná fún wa ní Ruwi. Ó ṣì ń pè mí ní ẹyin ojú òun, ó ṣì ń bu páyásàm sí mi látẹ́lẹwọ́ pé ṣé ó dùn tó. Kọ́kọ́rọ́ ilé wà lọ́wọ́ mi, ọmọ wa wà lẹ́yìn mi. Ṣùgbọ́n ní ìdájí Onam, kó tó dáná, ó máa ń fi ọ̀rá wé fóònù rẹ̀, á fi há ìbàdí aṣọ tó ró mọ́dìí. Bó bá dún, á fi ìkòkò sílẹ̀, á nu òróró ọwọ́ rẹ̀ ní ìka kọ̀ọ̀kan, á sì gbé e fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń dúró sí, ọwọ́ mi mọ́, ọwọ́ mi ṣófo. Mi ò sọ fún un rí pé kó jẹ́ kí n bá òun mú un.