Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ àti Hóró Oògùn

"Ṣé o ti lo oògùn rẹ lónìí?"

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Àǹtí Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ máa ń bi ọmọbìnrin kan bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ọmọbìnrin náà ti bọ́ bàtà, ó ti dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn tóóró inú yàrá wọn, ó sì ti di ojú.

"Mo ti lò ó, mà."

Irọ́ ni. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tó ti ń ju hóró oògùn àárọ̀ rẹ̀ sínú ihò omi balùwẹ̀.

Àǹtí gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé e lórí jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bo ẹyin. Reiki ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà. Láti ilẹ̀ Japan ló ti wá. Wọn kì í tẹ ara, wọn kì í fi ìpara pa á. Ọwọ́ lásán ni wọ́n ń gbé léni kí ara lè rọ̀. Ọwọ́ yẹn sì lọ́ wọ́ọ́rọ́! Láàárín ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kò sí ẹlòmíràn tó ń fọwọ́ kan ọmọ yìí. Bí ọwọ́ náà bá ti dé èjìká rẹ̀, ọkàn rẹ̀ á yọ́ bí ìda tó rí iná, omi á sì gba ojú rẹ̀ bí ẹni tí olólùfẹ́ rẹ̀ ti ìrìn àjò dé.

Labalábá ni wọ́n ń pè é ní kíláàsì. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Dókítà ní ADHD ló ń bá a fínra: ọkàn rẹ̀ kì í dúró sójú kan, ara rẹ̀ kì í sì í gbà kó jókòó pẹ́. Bí olùkọ́ bá bẹ̀rẹ̀ ìṣirò lápá òsì pátákó, kó tó dé apá ọ̀tún, ọmọ ti fò lọ.

"Labalábá, òdòdó wo lo tún bà lé?" ni èyí tó ń jókòó lẹ́yìn rẹ̀ máa ń bi í. Kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín. Òun náà á rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Bí agogo ìsinmi bá lù, òun nìkan á lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn yàrá ìkàwé.

Ilé kò sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Alágbàfọ̀ ni ìyá rẹ̀. Aṣọ ibùsùn ilé ìtura mẹ́ta ni wọ́n ń fọ̀ tí wọ́n ń lọ̀ ní yàrá iwájú, inú ooru yẹn ni wọ́n sì ti ń bá a sọ̀rọ̀ láìgbójú sókè.

Dókítà kò kọ̀ kó máa lọ gba Reiki. "Bó bá ń fún un ní ìsinmi, kò burú," ni wọ́n sọ. "Ṣùgbọ́n a ò ní ẹ̀rí pé ó ń wo ADHD sàn. Ẹ fi kún oògùn o, ẹ má fi rọ́pò rẹ̀."

Ìyá rẹ̀ gbà, àmọ́ wọ́n fi gbèdéke sí i. "Ìdánwò ìṣirò tó ń bọ̀ ni n ó fi mọ̀. Bí n kò bá rí ìyàtọ̀, Ọjọ́bọ̀ ti parí nìyẹn. Wàá máa dúró bá mi ká aṣọ."

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n òdì ti wọlé. Lórí àtẹ̀gùn rẹ̀, Labalábá rò ó wò: bí mo bá lo oògùn tí mo sì yege, oògùn ni wọ́n á yìn. Wọ́n á ní, kí ni mo tún ń wá lọ́dọ̀ Àǹtí? Ṣùgbọ́n bí mo bá yege láìlo oògùn, ọwọ́ Àǹtí ló gba ògo, kò sì sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́ ìdánwò, tó ti di ọ̀sẹ̀ kẹta tó ń ju oògùn nù, ó di ojú kó lè rántí bí ọwọ́ yẹn ṣe ń rí lórí rẹ̀. Ó rántí rẹ̀ débi pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọjá. Fáànù ń dún lókè, ó ń ka bó ṣe ń yí. Ìbọ̀sẹ̀ ẹni tó wà níwájú rẹ̀ kò bára mu, ó wò ó títí. Nígbà tó parí ìbéèrè kẹfà, ó gbé bírò sílẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Kò yí ìwé padà. Ìbéèrè mẹ́fà mìíràn wà lẹ́yìn.

Máàkì mọ́kànlélógún nínú ọgọ́rùn-ún ló gbà.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá rẹ̀ fà á lọ́wọ́, ó di ọ̀dọ̀ Àǹtí. Obìnrin méjì tó ń dúró de ìtọ́jú wà lórí bẹ́ǹṣì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, oníwòsàn!" ni ìyá rẹ̀ wí. "Mo fọmọ lé yín lọ́wọ́, ẹ sì ń fọwọ́ pa á lórí bí ológbò. Ẹ wo ohun tó gbà!"

"Màmá, ẹ má bínú. N kò sọ fún yín rí pé ọwọ́ mi ń wo ọpọlọ sàn. Mo ní ó lè jẹ́ kára rẹ̀ balẹ̀..."

"Ẹ dákẹ́! Ẹlẹ́tàn ni yín!"

Àwọn obìnrin orí bẹ́ǹṣì ti ń mú báàgì wọn láti máa lọ. Labalábá rí bí ojú Àǹtí ṣe fà ro. Bí òun bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀, orúkọ Àǹtí ni yóò bàjẹ́. Bí òun bá sì sọ̀rọ̀, ọwọ́ yẹn lọ nìyẹn.

"Màámi, ẹ má bú wọn mọ́. Èmi ni. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń da oògùn nù. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń bi mí, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mo ń parọ́ fún wọn."

"Nítorí kí ni?"

"Kí ẹ lè rò pé ọwọ́ wọn ló ṣe é, kí ẹ má bàa gba Ọjọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Kò sẹ́ni tó ń bá mi jókòó níbòmíràn."

Ìyá rẹ̀ rọra jókòó sórí ibùsùn tóóró náà. Ọmọ náà ń sunkún, ṣùgbọ́n Àǹtí kò fọwọ́ kàn án.

"O fẹ́ràn mi, o sì fi irọ́ ṣe ìfẹ́," ni wọ́n wí. "Bí mo bá tún gbọ́wọ́ lé ọ kí dókítà tó gbọ́, èmi náà di òpùrọ́. Oògùn ní iṣẹ́ tirẹ̀, ọwọ́ mi ní tirẹ̀; ọ̀kan kì í gbaṣẹ́ èkejì ṣe. Bí ìdánìkanwà bá sì ń pa ọ́, má fi ìtọ́jú bò ó. Sọ fún ènìyàn pé, 'Ẹ bá mi jókòó.'"

Ìyá àti ọmọ lọ rí dókítà, oògùn sì tún bẹ̀rẹ̀. Máàkì náà kò yí padà. Ó di dandan kí ọmọ fi ìsinmi ìparí táàmù tún ìṣirò kọ́. Dókítà ní kí Reiki ṣì dúró ná.

Ọjọ́bọ̀ dé. Ọ̀sán náà gùn bí ọ̀nà tí kò lópin. Labalábá dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá iwájú, ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré wúwo lẹ́nu rẹ̀ bí òkúta.

"Màámi, ẹ bá mi jókòó."

"Aṣọ yìí ńkọ́?"

"Díẹ̀ péré, mà."

Ìyá rẹ̀ pa áyọ́ọ̀nù, wọ́n wá jókòó tì í lórí ìdì aṣọ. Ó yé Labalábá lọ́jọ́ náà pé irọ́ kì í di ìfẹ́ mú, pé ìtọ́jú tó ń ranni lọ́wọ́ kì í gba ipò oògùn, àti pé ẹni tó bá pa ebi ọkàn rẹ̀ mọ́ra, òun nìkan ni ebi náà yóò máa pa.