Ohun Tí Aláwàdà Béèrè

"Wọ́n ní ọmọ yẹn bẹ̀ ẹ́, pé kó jẹ́ kóun..."

"Kò bẹ̀ ẹ́ o. Èyí témi gbọ́ ni pé ó ṣubú, ó sì kàn..."

"Ó kàn kí ni? Ṣé wọn ò sọ fún ẹ pé ó fọwọ́ di orí mú, Akọ̀wé wá ní tí kò bá dìde, òun máa..."

"Alága ṣáà ní ọmọ náà fẹnu ara ẹ̀ sọ pé..."

"Ẹ rọra. Ìyá ẹ̀ ló ń bọ̀ yẹn."

Àwọn obìnrin mẹ́ta tó wá gba aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ panu mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan nínú wọn tẹjú mọ́ nọ́ńbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àpò aṣọ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fi ṣèdánwò. Wọn kò mọ̀ pé Akọ̀wé tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an wà lẹ́yìn àwọn aṣọ ìbùsùn tí wọ́n sá sórí okùn nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Ó gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún ìyá rẹ̀ tó ń lọ aṣọ níbẹ̀. Abọ́ náà ń jó o lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò lè rìn síwájú, kò sì lè padà sẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàdédé bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Akọ̀wé. Ìtìjú rẹ̀ pọ̀ débi pé bí tíṣà bá pè é dìde, ilẹ̀ ló máa ń dá lóhùn. Wọ́n sọ ọ́ ní Akọ̀wé nítorí pé òun ló ń kọ iye ayò sílẹ̀ nínú ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ tí kò ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá pẹ̀lú ìwé àti bírò, kò sì sẹ́ni tó ń rántí pé ó wà níbẹ̀ àfi bí wọ́n bá ń jiyàn.

Bàbá kan tó ń tún aago ṣe ni rẹfirí wọn nígbà náà. Bàbá Aago ni gbogbo ayé ń pè é. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀dì kan lọ, ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀rí tó gbà nígbà tó kọ́ iṣẹ́ rẹfirí wà nínú gíláàsì lókè orí rẹ̀, ó sì ń nù ún láràárọ̀ kó tó nu aago ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kan, ọmọ kan forí gbá òpó ilé ayò. Bàbá Aago dá eré dúró, ó ní wọn kò ní gbá a mọ́ títí wọ́n á fi gbé ọmọ náà lọ sílé ìwòsàn. Ọmọ náà ní nǹkan kan kò ṣe òun. Bàbá náà ní òun kò bi í, orí ẹ̀ lòun ń bi.

Ọjọ́ yẹn gan-an sì ni Alága ìdíje náà, ọkùnrin kan tó ń ta símẹ́ńtì, kó àwọn èèyàn ńláńlá wá jókòó sábẹ́ ìbòrí. Wọ́n dìde lọ láìrí òpin eré. Ojú Alága pọ́n. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ní òun kò fẹ́ rí Bàbá Aago lórí pápá mọ́.

"Fèrè ni o," ló wí. "Kì í ṣe abẹ́rẹ́ dókítà. Ẹni tí èémí bá ti wà lẹ́nu ẹ̀ lè fọn ọ́n."

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ojú rẹ̀ bá Akọ̀wé níbi tó jókòó ti ìwé rẹ̀. Ó fi fèrè kọ́ ọ lọ́rùn níṣojú gbogbo èèyàn, ó fún un ní ẹ̀wù dúdú alápò méjì, káàdì pupa nínú ọ̀kan, káàdì yẹ́lò nínú èkejì. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ tí wọ́n máa ń wò ó bí ẹni tó ń wo ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Àǹtí Rẹfirí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ẹ̀wù náà ló wọ̀ tó fi gbálẹ̀ ilé lọ́jọ́ kejì.

Síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó lọ bá Bàbá Aago, ó kúnlẹ̀, ó ní kí wọ́n kọ́ òun níṣẹ́ náà. Bàbá náà kò bínú. Ó ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta ló máa gbà. Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, ó da ìdè wẹ́wẹ́ méjìlélógún tí wọ́n fi ń de inú aago sórí tábìlì, ó sọ wọ́n di agbábọ́ọ̀lù, ó sì ń fi ẹ̀mú tì wọ́n kiri títí Akọ̀wé fi mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ofusáìdì. Ní ìrọ̀lẹ́ kejì, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yọ káàdì àti bí wọ́n ṣe ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀ láìpariwo.

"Èyí tó kù ló tóbi jù," ni Bàbá Aago wí bí Akọ̀wé ṣe ń lọ. "Bó ò bá tíì gbọ́ ọ, má fọn fèrè yẹn."

Ní ìrọ̀lẹ́ kẹta, Alága ránṣẹ́ pé ayàwòrán ń bọ̀ wá ya rẹfirí tuntun fún ìwé ìpolówó. Akọ̀wé wo ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Bàbá Aago, ó wo ẹ̀wù dúdú tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ó bi ara rẹ̀ pé kí ló tún kù nínú fèrè. Ó lọ ya fọ́tò.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ tí ọmọ alágbàfọ̀ wà nínú rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbá a. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni ọmọ yẹn, nọ́ńbà mẹ́wàá ló máa ń wọ̀, Aláwàdà sì ni wọ́n ń pè é torí pé kì í lè ya ẹnu kó má pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Láti ìbẹ̀rẹ̀ eré ló ti dójú lé Akọ̀wé. Bó bá fọn fèrè, Aláwàdà á kí i bíi ṣójà. Ó bi í bóyá fèrè náà dùn, pé kó gé díẹ̀ fóun jẹ. Nígbà tí Akọ̀wé ní kí wọ́n ju bọ́ọ̀lù wọlé láti ẹ̀gbẹ́, ó ní kó kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé ná, kó má baà gbàgbé. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, Alága náà ń mi jìgìjìgì lórí àga. Etí Akọ̀wé gbóná. Ó pinnu nínú ara rẹ̀ pé bí ọmọ yìí bá tún la ẹnu, òun náà máa dá a lóhùn, kí ọ̀rọ̀ òun náà lè pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín.

Nígbà tí eré ku bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Aláwàdà àti aṣọ́lé ẹgbẹ́ kejì jọ fò sí bọ́ọ̀lù kan. Orí wọn gbára wọn. Ìró rẹ̀ dún bí ìgbà téèyàn fi igi lu igi. Aṣọ́lé náà dìde, Aláwàdà kò dìde. Akọ̀wé sáré lọ bá a, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọmọ náà jókòó, ó wo ojú rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí. Ó béèrè ohun kan. Akọ̀wé dá a lóhùn, ó sì dá a lóhùn sókè, kí gbogbo èèyàn lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu tirẹ̀. Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Alága ló ròkè jù.

Aláwàdà dìde, eré ń lọ. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù sí i, ó gbé e, ó kọjú sí ilé ayò ẹgbẹ́ tirẹ̀, ó ń sáré lọ. Ẹ̀rín di ariwo. Wọ́n ní Aláwàdà tún ti dé, pé ọmọ yìí á pa èèyàn. Akọ̀wé náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn ni bọ́ọ̀lù kan wá láti òkè, kò le, kò yá, Aláwàdà sì fi orí kàn án bí ẹni tó fi orí kan ìrọ̀rí. Ó ṣubú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹnu rẹ̀ ń hó, àwọn ọmọdé etí pápá sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n rò pé ó ń ṣeré ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́ náà pẹ́.

Ní ọjọ́ kẹta, Alága wá sílé àwọn Akọ̀wé. Ó jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó wà ní pálọ̀, ìyá Akọ̀wé gbé omi fún un, ó sì dúró ti ògiri. Alága kò pariwo. Ó ní ọmọ náà ló fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ara òun le, pé ohun tí òun gbọ́ nìyẹn, ohun tí Akọ̀wé náà gbọ́ nìyẹn. Ó ní ìdíje máa rán Akọ̀wé lọ kọ́ṣẹ́ rẹfirí nílùú ńlá, á gba ìwé-ẹ̀rí tí orúkọ rẹ̀ wà lára ẹ̀.

"Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá lọ yí padà," ló wí, "ẹni tí fèrè wà lẹ́nu ẹ̀ ni wọ́n máa bi. Ọ̀dọ̀ ìyá ọmọ náà ni ìyá tìẹ sì ti ń jẹun."

Ìyá Akọ̀wé ń wo ilẹ̀. Níwájú ìgbìmọ̀ ìdíje, níṣojú alágbàfọ̀ tí ojú rẹ̀ ti wú, Akọ̀wé sọ ohun tí wọ́n ní kó sọ: "Ó ní ara òun le." Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ohun tó bàjẹ́ ti bàjẹ́, pé irọ́ yìí kò lè dun ẹnikẹ́ni mọ́.

Oṣù méjì gbáko ni Aláwàdà lò nílé ìwòsàn. Ọ̀sẹ̀ yìí ni wọ́n dá a sílẹ̀.

Òun ni ìyá rẹ̀ ń fà lọ́wọ́ bọ̀ báyìí, tí àwọn obìnrin mẹ́ta náà fi panu mọ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ń wọ́lẹ̀. Ìyá rẹ̀ mú un jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó da òkìtì ìbọ̀sẹ̀ síwájú rẹ̀ pé kó máa ṣa wọ́n ní méjì-méjì. Ó mú funfun, ó mú dúdú, ó so wọ́n pọ̀.

"Ẹ wò ó," ni alágbàfọ̀ wí fún àwọn obìnrin náà. "Ẹnu ẹ̀ ló fi pa ara ẹ̀. Wọ́n bi í, ó ní ara òun le. Ṣé ó le báyìí? Mo ní ṣé ó le?"

Aláwàdà gbé ojú sókè. "Mọ́mì," ló wí, "ta là ń bá gbá?"

"Ẹ tún gbọ́ ọ. Bọ́ọ̀lù ló ṣì wà lẹ́nu ẹ̀." Ó gbá a lọ́wọ́, ìbọ̀sẹ̀ náà já bọ́. Ó ní bó bá jí, ohun tó máa bi òun nìyẹn. Bí oúnjẹ bá wà lẹ́nu rẹ̀, ohun tó máa bi òun náà nìyẹn. Dókítà ní kò mọ ohun tó ń sọ, ṣùgbọ́n òun mọ̀ pé agídí ni, agídí tó fi lóun máa gbá a náà ni.

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. "Ta là ń bá gbá, Aláwàdà?" ló wí. Ọmọ náà rí i pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín, òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín, itọ́ ẹnu rẹ̀ sì ń kán sórí ìbọ̀sẹ̀ àwọn oníbàárà.

Akọ̀wé gbé abọ́ oúnjẹ sílẹ̀, ó gba ẹ̀yìn jáde. Ọ̀dọ̀ Bàbá Aago ló gbà lọ tààrà. Awò kékeré wà lójú kan bàbá náà, kò gbé orí sókè nínú aago tó ń tú. Akọ̀wé bi í pé kí ni wọ́n fẹ́ kọ́ òun ní ìrọ̀lẹ́ kẹta.

"Orí," ni Bàbá Aago wí. "Bí ọmọ bá forí gbá nǹkan, wàá bi í ní ìbéèrè. Ibo la wà? Ta ló jẹ ayò kẹ́yìn? Ta lẹ̀ ń bá gbá? Bí kò bá lè dáhùn ọ̀kan péré, ó ti jáde nìyẹn, ì báà máa rẹ́rìn-ín, ì báà máa búni."

Akọ̀wé fi ọwọ́ méjèèjì di etí tábìlì mú. Ó jẹ́wọ́ irọ́ tó pa níwájú ìgbìmọ̀, ó ní àbí kì í ṣe ẹ̀bi òun, nígbà tí òun kò mọ̀.

"Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ," ni bàbá náà dáhùn. "Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ yìí kò gbọ́dọ̀ gba fèrè, ẹni tó mọ̀ pé kò mọ̀ ọ́n kò sì gbọ́dọ̀ gbé e fún un. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ṣe ìyẹn. Ṣùgbọ́n irọ́ tó o pa lẹ́yìn ẹ̀, kò sí ìrọ̀lẹ́ tí mo fẹ́ fi kọ́ ẹ pé kò dáa. O mọ ìyẹn kó o tó wá bá mi." Ó mú ìdè aago kan, ó fi í síbi tó yẹ. "Máa lọ. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi."

Nígbà tó padà dé ṣọ́ọ̀bù, àwọn oníbàárà ti lọ. Ìyá rẹ̀ ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì kan lọ́wọ́. Ó rí ojú ọmọ rẹ̀, ó mọ ohun tó bá wá, ó sì mi orí fún un lẹ́ẹ̀mejì pé kó má sọ ọ́. Akọ̀wé kúnlẹ̀ síwájú alágbàfọ̀, lórí ilẹ̀ tí omi ọṣẹ ṣì wà.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ló wí. "Kò sọ pé ara òun le. Irọ́ ni mo pa."

Alágbàfọ̀ fa àpótí kan mọ́ra, ó jókòó. Ṣẹ́ẹ̀tì ti ń jóná lábẹ́ áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ ìyá Akọ̀wé, kò sì sẹ́ni tó gbé áyọ́ọ̀nù náà kúrò. Lórí bẹ́ǹṣì, ọmọ náà ṣì ń so funfun mọ́ dúdú.

"Kí ló wá sọ?" ni alágbàfọ̀ béèrè. "Sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Sọ èyí tíwọ náà sọ. Má yọ ọ̀kan kúrò, má fi ọ̀kan kún un."

Akọ̀wé tó máa ń dá ilẹ̀ lóhùn gbé ojú sókè, ó wo obìnrin náà.

"Ó ní, 'Àǹtí Akọ̀wé, ta là ń bá gbá?' Mo ní, 'Lọ bi ìyá ẹ léèrè.'"