Àpótí Kan fún Kọ̀ǹpútà Mẹ́ta

"Asmita, ṣé o fẹ́ darúgbó sídìí iṣẹ́ yìí ni?" Nabin, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ti gbé bọ́ọ̀lù há abíyá. "Fi sínú àpótí yẹn lẹ́ẹ̀kan, ká máa lọ jàre!"

Asmita Saru ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ wọn ní ìlú Tansen, tí wọ́n so pọ̀ kí wọ́n lè máa ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan. Orúkọ àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ilé ìwòsàn ìlú ló gbé iṣẹ́ náà fún wọn. Ó ku sọ́fíwia tí yóò máa wá orúkọ jáde. Tíṣà Gaha ti kìlọ̀ pé inú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ni kó fi í sí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀hún ń falẹ̀ bí ìgbín, àpótí ìpamọ́ oníná kan sì wà nílẹ̀ tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń lò. Bó bá fi síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo wọn ló máa rí i lò.

"Tíṣà ní..."

"Tíṣà, Tíṣà! Ta ló máa sọ fún un? Ojo!"

Ó fi í sínú àpótí. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa, wọ́n sì lọ gbá bọ́ọ̀lù, àmọ́ ọkàn Asmita ò balẹ̀ lórí pápá.

Ọdún Bishwakarma dé, tí gbogbo oníṣẹ́ máa ń bọ irinṣẹ́ wọn. Wọ́n pa àwọn ẹ̀rọ kí wọ́n lè sinmi. Asmita fi lẹ́búlẹ́bú pupa sàmì sí wọn lórí, ó fi òdòdó kọ́ wọn lọ́rùn. Nabin ló ń wọ́n omi àdúrà, kò sì mọ ìwọ̀n. Àpótí tó wà nílẹ̀ ló mu omi jù.

"Àpótí wa, wàá pẹ́ fún wa o!" ló ń wí. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n tan iná padà, àpótí náà ta pàù, èéfín rú. Kò pẹ́ tí fóònù fi dún. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ni.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá ọlọ́mọ tuntun kan ń ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ O-nẹ́gétíìfù la ń wá. Ẹ tètè!"

Asmita tẹ kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́, kò dáhùn. Ìkejì àti ìkẹta náà ò dáhùn. Orúkọ wà nínú gbogbo wọn, ohun tí yóò wá a jáde ni kò sí.

"Mo gbé! Tíṣà, inú àpótí ni mo fi í sí."

Tíṣà Gaha wò ó. "Jókòó. Fi sínú ọ̀kan báyìí."

Sọ́fíwia náà ń wọlé díẹ̀díẹ̀, nọ́ọ̀sì ń pè léraléra, omijé Asmita ń kán sórí tábìlì. Nabin dorí kodò. Níkẹyìn, orúkọ kan ṣoṣo jáde: Tilak Bashyal. Tíṣà pè é.

"Ilé ìwòsàn kẹ̀?" ni ọkùnrin náà wí. "Ẹnu ọ̀nà wọn gan-an ni mo ti ń ta tíì látàárọ̀. Mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń sáré kiri, mi ò mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń wá!"

Ó wọlé lọ fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Ìyá náà yè, àmọ́ díẹ̀ ló kù kó kú.

Ẹnikẹ́ni ò rán Asmita níṣẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi sọ́fíwia sínú kọ̀ǹpútà kejì. Nabin ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó fa àga sídìí ìkẹta.

"Ọ̀nà kan ò wọjà," ni Tíṣà wí. "Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́. Ẹni tó bá ń kánjú ló máa ń dí àwọn ọ̀nà tó kù, ẹlòmíràn ló sì máa ń fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá."