Kẹ́hìndé àti Aago Tó Ń Rìn

Ọmọ Òmù-Àrán ni Kẹ́hìndé. Lónìí, inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè jẹun tán.

Lọ́la, yóò bá Bàbá wọ ọkọ̀ ojú irin láti Ọ̀fà lọ sí Èkó! Táyé, ìkejì rẹ̀, yóò lọ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n ló máa ń ṣáájú, Kẹ́hìndé sì lẹ̀gbọ́n. Kódà, ó ju Ìpínlẹ̀ Kwara, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀, lọ lọ́jọ́ orí. Ó máa ń fi yangàn!

"Táyé, bá mi bu omi. Ẹ̀gbọ́n ẹ ni mí o!"

Gìrín-gìrín! Bọ̀dá Barnabas dé lórí kẹ̀kẹ́. Àbúrò Bàbá ni. Sáyẹ́ǹsì ló ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé.

"Kẹ́hìndé, jókòó sẹ́yìn mi. Máa ju ọsàn yìí sókè, kí o máa hán an. Táyé, dúró síbẹ̀ kí o máa wò wá."

Kẹ̀kẹ́ ń lọ. Ọsàn gòkè. Pọ̀! Ó bọ́ sọ́wọ́. Ó tún gòkè. Pọ̀!

"Ó gòkè tààrà, ó sì bọ̀ tààrà," ni Kẹ́hìndé wí nígbà tí kẹ̀kẹ́ dúró.

"Irọ́ o!" ni Táyé wí. "Bó ṣe ń gòkè ló ń lọ síwájú. Ọ̀nà tó rìn gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Bọ̀dá rẹ́rìn-ín. "Òótọ́ lẹ̀yin méjèèjì sọ. Ẹ jẹ́ ká ní ìmọ́lẹ̀ ni ọsàn yìí, 'pọ̀' yìí sì ni aago wa fi ń ka àkókò. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń sáré tó, bákan náà ni lójú gbogbo èèyàn. Tí ọ̀nà rẹ̀ bá wá gùn ńkọ́?"

Táyé ronú. "Á pẹ́ kó tó dún pọ̀!"

"O káre! Aago tó ń rìn máa ń fà sẹ́yìn lójú ẹni tó dúró. Ẹni tó gbé aago náà rìn ńkọ́? Àkókò tiẹ̀ náà ń fà sẹ́yìn."

Táyé fò sókè. "Kẹ́hìndé ń rìn lọ Èkó! Èmi ń dúró sílé! Kó tó dé, màá ti dàgbà jù ú lọ. Èmi lẹ̀gbọ́n!"

Yéè! Kẹ́hìndé ju ọsàn sílẹ̀. Ó lọ tú àpò rẹ̀.

"Mi ò lọ Èkó mọ́."

"Ìyàtọ̀ náà kéré, kéré, kéré," ni Bọ̀dá wí. "Ojú ò lè rí i."

"Àmọ́ ó wà?"

"Ó wà." Bọ̀dá Barnabas kì í parọ́.

Kẹ́hìndé bú sẹ́kún. Hìn-ìn, hìn-ìn!

Ìyá àgbà jáde síta. "Ta ló na ẹ̀gbọ́n Táyé?"

Kẹ́hìndé gbọ́ 'ẹ̀gbọ́n Táyé', ẹkún rẹ̀ dá. Ó ronú. Ó tún ronú.

"Ìyá àgbà, ta ni wọ́n kọ́kọ́ bí nínú wa?"

"Táyé kúkú ni. Ìwọ lo rán an pé kó lọ tọ́ ayé wò."

Kẹ́hìndé nu omijé rẹ̀ nù. "Táyé, aago ti fi ìwọ ṣáájú látọjọ́ tí wọ́n ti bí wa. Ṣé o wá di ẹ̀gbọ́n?"

"Rárá," ni Táyé wí jẹ́ẹ́jẹ́.

"Aago kọ́ ló fi mí jẹ ẹ̀gbọ́n. Aago ò sì lè gbà á lọ́wọ́ mi! Kó máa fà sẹ́yìn bó ṣe wù ú!"

Bọ̀dá pàtẹ́wọ́. Pá, pá, pá! "Ọmọ wa nìyẹn!"

Orí Kẹ́hìndé wú, ó ń yan bí ìyá adìyẹ tó kó ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, gbogbo wọn lọ sí Ọ̀fà. Fààà! Ọkọ̀ ojú irin dé.

Táyé gba ojú fèrèsé gbé àpò wọlé fún un. "Ó dàbọ̀ o, ẹ̀gbọ́n mi!"

Fàkà-fìkì, fàkà-fìkì! Àkókò Kẹ́hìndé ń fà sẹ́yìn bíńtín báyìí, ó sì ń juwọ́ sí àbúrò rẹ̀.